Aṣọ Tí Balógun Bọ́ Sílẹ̀

Wọ́n ní Ìyá Aláṣọ ló ta àṣírí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa fún oníwèé ìròyìn. Irọ́ ni. Ojúlé kan náà lèmi àti ìyá yìí ń gbé, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Abẹ́ àga òǹwòran ni yàrá ìfọṣọ rẹ̀ wà, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti àárín a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò sí àbàwọ́n koríko tó lè bá ìyá yìí jà kó borí. Balógun ẹgbẹ́ nìkan ni wàhálà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń borí, balógun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ aṣọ òun, ó ní wọn yóò fọ oríire dànù.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi borí. Nígbà tó di Sátidé kan, wọ́n fìdí rẹmi. Kóòṣì ti yọ balógun kúrò kí eré tó parí, ni balógun bá pariwo mọ́ ọn. Látìgbà náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀ròyìn kan pàdé Ìyá Aláṣọ lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Balógun yín ńkọ́?"

Inú ìyá ń dùn ṣìnkìn. "Ó ti bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rùn jù!"

Akọ̀ròyìn ò dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ló ń kà á pé balógun ti fẹgbẹ́ sílẹ̀.

Alága pe ìpàdé kíákíá, kóòṣì àti balógun náà wà níbẹ̀. Òfin wọn ni pé agbẹnusọ ẹgbẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀.

"Kí obìnrin yìí máa lọ sílé," alága wí. "Ẹnu rẹ̀ ò ní bùrékì."

Ìyá Aláṣọ di apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó gbé wá mú ṣinṣin. Níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú orúkọ ọ̀dàlẹ̀ lọ́rùn? Agbẹnusọ, tí kò ju ọmọ tó lè bí lọ, ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìyá, kí lẹ sọ gan-an? Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́."

Ìyá sọ ọ́. Ó nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ náà. "Aṣọ náà rèé. Ó ní oríire rẹ̀ ti tán, kí n máa fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò fi fojú kan ọṣẹ!"

Kóòṣì wo apẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ dímú. "Abájọ tí àwọn alátakò kì í fi í sún mọ́ ẹ!"

"Òórùn yẹn ló ń gbá góólù wọlé, kóòṣì!" Balógun bú sẹ́rìn-ín, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ má bínú, sà. Kò yẹ kí n pariwo mọ́ yín."

"Èmi náà ò ṣàlàyé fún ẹ kí n tó yọ ẹ́."

Alága ò tọrọ àforíjì o, ó kàn wúkọ́, ó ní kí ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Agbẹnusọ ló mú un jáde lọ bá àwọn akọ̀ròyìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tòun ti apẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ìròyìn wọn kọ.

Mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i sí alága. Ó mi orí.

"Mi ò ráyè ìyẹn. Ọmọ agbẹnusọ yẹn ni mò ń rántí ṣáá. Wọ́n ti bínú tán kó tó kàn án, òun nìkan ló béèrè. Ọlọ́run ó bá mi rán ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun náà, níbi tọ́rọ̀ bá ti dé bá a."