Ìṣísẹ̀ Doña Eduviges

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!" ni Doña Eduviges ń pariwo mọ́ awọnlẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ṣọ́ ilẹ̀ ọgbà yìí, ilé ìdáná mi lo wá ń na okùn lé!"

Ta ni inú ò ní bí? Nígbà tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ gun òkè iyanrìn Las Dalias, lẹ́yìn ìlú Lima, ẹní àti ọparun ni wọ́n fi pàgọ́. Kò sí omi, kò sí iná. Wọ́n ní láti pín ilẹ̀ kí ọlọ́pàá tó wá lé wọn, ẹnikẹ́ni ò sì rántí mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Alága wọn, Wenceslao, ọkùnrin kúkúrú bí kí ni, ló fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ kálukú ní ogún ìṣísẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun fa ààlà. Eduviges kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi wọn tèmi."

Obìnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀.

Wọ́n dá ilẹ̀ àárín, tó bá ti Eduviges pààlà, sí fún ọgbà ìgbafẹ́. Nígbà tó yá, omi ẹ̀rọ dé, iná dé. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ ọjọ́ Àìkú ṣe àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọgbà nìkan ni kò dé. Eduviges ló ń lé ẹni tó ń sá aṣọ síbẹ̀, ẹni tó gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ẹni tó ń dáná síbẹ̀. Wenceslao kọ́ ilé adìẹ wọbẹ̀, Eduviges dúró tì í títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ wó o.

Ìjọba wá gbà wàyí láti gbin igi, kí wọ́n sì ṣe àga àti iná sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pé bó ṣe wà nínú ìwé. Bí kò bá pé, àdúgbò mìíràn ni wọ́n máa ṣe é fún.

"Màmá, ìdáná yín fi mítà kan ààbọ̀ wọ inú ọgbà," ni awọnlẹ̀ wí.

"Irọ́ ni! Tún un wọ̀n!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n. Mítà kan ààbọ̀ náà ni. Yéè! Ìdáná yẹn ni yàrá àkọ́kọ́ tí Eduviges fi bíríkì kọ́. Inú rẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ sí.

Wenceslao sún mọ́ ọn. "Ẹsẹ̀ gígùn yín mà ló kó bá wa, Doña. Ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín ọgbà kù díẹ̀?"

"Bẹ ta ni? Èmi tí mo mú ẹ wó ilé adìẹ? Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre!"

Ó wọlé. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná. Ó mú dígà jáde, ó sọ ọ́ sí Wenceslao lẹ́sẹ̀.

"Ibi ààrò ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Má wojú mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò jáde ṣọ̀wẹ̀, wọ́n wó ìdáná náà. Omi ń bọ́ lójú Eduviges, ó ń bú eruku. Ó to òkúta mẹ́ta sínú iyanrìn níbi tí ìdáná ti wà, ó gbé ìkòkò kà á láti se oúnjẹ àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

Wenceslao nu òógùn ojú. "Doña, a kì í dáná nínú ọgbà o."

Eduviges wò ó títí. Ó pòṣé, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sì lọ dáná sétí títì.