Bàtà Tí N Kò Bọ́

Mo rántí ìgbà tí èmi, bàbá ọlọ́mọ méjì, ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó sílẹ̀. Orí ẹní ni mo máa ń wà ní pálọ̀ màmá mi ní Erinje, màá ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi má baà kọjú síwájú, títí ẹsẹ̀ náà á fi kú. Màmá mi á ní, "Àbí ìwọ ni ìyàwó tuntun?" Tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni mo ń múra àtilọ, níbi tí kíkọ àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú ti jẹ́ àfojúdi, n kò sì fẹ́ dójú ti ẹni tó pè mí.

Ọmọ ilẹ̀ Táílándì lẹni náà, ọ̀gá wa obìnrin nílé iṣẹ́ epo pupa ní Okitipupa. Màdámú là ń pè é. Ọdún méjì ló lò lọ́dọ̀ wa, ó mọ ilé màmá mi bí ẹni mowó, ó sì ń jẹ púpurù jù mí lọ. Nígbà tí màmá mi ṣàìsàn tí ara rẹ̀ yá, Màdámú ní òun á bá a lọ ṣe ìdúpẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, a kì í wọ bàtà wọnú ilé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ náà ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó da ìborí funfun borí, nígbà tí màmá mi sì kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá mi kò gbàgbé rẹ̀ láéláé. "Ọmọ yẹn bu iyì fún mi lójú gbogbo ìjọ," ló máa ń wí.

Lẹ́yìn tó padà sílé, ilé iṣẹ́ rán èmi àti ará ìjọ wa kan lọ kọ́ṣẹ́ sí i nílùú rẹ̀. Màdámú kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé ọ̀sẹ̀ tí a máa dé ni ìrántí ìyá òun tó ti kú, ṣé mo lè bá òun jókòó ní tẹ́ńpìlì? Kò ní kí n gbàdúrà, kò ní kí n tẹrí ba, kí n ṣáà jókòó ti òun. Màmá mi ra aṣọ funfun wá láti Igbotako, ó ní kí télọ̀ rán an kó bo èjìká àti orúnkún. Èmi ọlọ́gbọ́n ti di ògógóró sínú báàgì, torí a kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Ìgbà tí mo ka ìwé Màdámú fún màmá mi dé ibi tó ti ní wọn kì í gbé ọtí wọ tẹ́ńpìlì, màmá mi yọ ọ́, ó fi ìgò oyin rọ́pò. Ó ní, "Oyin kì í bí ẹlẹ́sìn kankan nínú."

A dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì láàárọ̀. Bàtà rẹpẹtẹ wà nílẹ̀. Màdámú bọ́ tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn tèmi, ni ará ìjọ mi tó sìn wá débẹ̀ bá rọra ní, "Wòlíì á gbọ́ o." Wọ́n fẹ́ ta òróró sí mi lórí láti fi mí joyè nínú ìjọ ní ìkórè ọdún yẹn. Mo nàró, mo ní inú ń run mí. Màdámú wò mí, ó gba oyin náà, ó dá wọlé. Wọ́n ní ẹnu ayé lẹbọ. Màdámú ni mo fi rú tèmi. Nírọ̀lẹ́, ó gbé omi atalẹ̀ gbígbóná wá bá mi, ó ní kí n mu ún fún inú rírun. Mo mu ún tán, ojú ń tì mí.

Nígbà tí mo délé, màmá mi bi mí pé, "Ṣé o jókòó tì í?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ta òróró náà sí mi lórí. N kò tíì rí ohun tó fi kún mi. Màmá mi ti kú báyìí. Nígbà tí Màdámú gbọ́, ó sunkún lórí fóònù, ó sì ní kí n fi fọ́tò màmá mi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fi àwòrán kan dá mi lóhùn. Fọ́tò màmá mi ló wà nínú tẹ́ńpìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀, òdòdó wà nínú ìgò oyin wa níwájú àwọn méjèèjì. Títí dòní, n kò tíì lè sọ fún un pé inú kò run mí lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi tí kò ré kọjá ìlú Irele rí ti wọlé síbẹ̀. Èmi tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, n kò kọjá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.