Katakata Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sún Mọ́ra Jù

Ohun tó rẹ̀ mí jù lẹ́yìn tí katakata dà mí sílẹ̀ kì í ṣe egungun ìhà tó ń dùn mí. Ìkíni ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa wọlé wá sí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Mo gbọ́dọ̀ dìde jókòó, kí n dá wọn lóhùn, kí n tún ìtàn náà sọ fún ẹni tí kò tíì gbọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó mi ló ń bá mi sọ ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Nínú tirẹ̀, mo fò sílẹ̀ kí ó tó dà. Mi ò fò. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga.

Katakata náà kéré, àlòkù láti ilẹ̀ Japan ni. Ọ̀gá mi, Alhaji kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló rà á ní àkókò Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan le, nígbà tí ọjà kò tà mọ́ tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń padà sóko. Ó ń fi túlẹ̀ fún àwọn olóko lẹ́yìn ìlú, èmi ni mo sì ń wà á. Oko ọ̀dọ̀ wa kì í tẹ́jú. Ebè àná wà níbẹ̀, kùkùté tí wọ́n sun tí kò jóná tán wà níbẹ̀, ọ̀gán tí koríko bò mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò. Katakata yìí ga, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, bí ẹni tó ru ẹrù wúwo tó sì pa ẹsẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, táyà tó wà lápá òkè gun ebè kan tí mi ò rí, gbogbo rẹ̀ sì dà sí ìhà odò. Orí ebè tó rọ̀ ni mo já lé.

Alhaji kò fi mí sílẹ̀. Ó gbé mi lọ sí ọsibítù, ó wá kí mi nílé. Nígbà tí mo lè rìn, ó ṣe sàárà. Wọ́n gbé katakata náà sí iwájú ilé rẹ̀, àwọn ààfáà jókòó yí i ká, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n wọ́n omi sí i lára, wọ́n sì pín ẹran. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tú ká, Alhaji yà sọ́dọ̀ mi.

"Ọ̀la ńkọ́? Òjò ò dúró de ẹnì kan."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ti katakata, sà. Ó sún mọ́ra jù."

"Ṣé o ò ṣe àmín sí àdúrà tí a ṣe tán yìí ni?"

"Mo ṣe é, sà. Mo ṣe é kíkan."

"Kí ló wá kù?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló kù, sà."

Ó ní awakọ̀ pọ̀ ní gáréèjì. Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn, mo sì ní àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Bí mi ò bá gun katakata yẹn, ẹlòmíràn á gùn ún. Bí mo bá sì gùn ún bó ṣe wà, ó dá mi lójú pé yóò parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lára mi. Mi ò sọ èyí fún un. Ó rí i bí mo ṣe di ìhà mi mú, ó sì ní kí n lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí n yára.

Ẹ̀yìn lọ́rì la fi gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan nítòsí Ọjà Igbó. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ó máa ń kọ orin ìjọ wọn sábẹ́ ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́," ó ní, "ẹ ò fẹ́ ṣubú, ẹ ò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ti ṣubú ná."

"Ẹ kú ewu. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ó fi hàn mí pé rííìmù táyà náà jinnú bí abọ́. Bí wọ́n ṣe dè é tẹ́lẹ̀, ó ń fa táyà wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí a bá dojú abọ́ náà kọ ibòmíràn, á ti táyà síta, láìjẹ́ pé a ra ohunkóhun. Ó fi jáàkì gbé e, ó to igi sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn nọ́ọ̀tì tí ìpẹtà ti jẹ fà á. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, a jókòó dúró dè wọ́n. Ó yí ti ọ̀tún padà ní àyè rẹ̀, ó yí ti òsì padà ní àyè rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń rìn yí i ká. Orin dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ẹ wo eyín táyà. Ẹ̀yìn ló kọjú sí. Bó bá wọ ẹrẹ̀, kò ní lè di ilẹ̀ mú, á kàn máa yọ̀ ni. Bàtà ọ̀tún ni mo wọ̀ fún ẹsẹ̀ òsì." Ó tún mú jáàkì. "Ẹ má sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ o."

Ó gbé táyà ọ̀tún lọ sí òsì, ó gbé ti òsì wá sí ọ̀tún, eyín wọn sì kọjú síbi tó yẹ. Katakata náà wá ya ẹsẹ̀ dúró bí ẹni tó fẹ́ gún iyán. Inú mi fẹ́ dùn. Ó ní kí n máa fún nọ́ọ̀tì náà ní kíkan lóòrèkóòrè, nítorí wọ́n á tú díẹ̀díẹ̀. Ó tún sọ pé, "Kì í ṣe pé kò lè dà mọ́ o. Á kàn pẹ́ kó tó dà ni."

Alhaji fúnra rẹ̀ bá mi lọ sóko lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ńlá tí ó ti gba iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀nà tóóró kan, èyí tó gba àárín pèrègún ìdílé méjì kọjá. Àwọn tó pín ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ló gbìn wọ́n síbẹ̀ bí ààlà. Tẹ́lẹ̀, katakata máa ń há ara gba ibẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá kọjá, á tẹ pèrègún pa ní ìhà kan.

"Gùn ún kọjá," Alhaji ní. "Ewé ni."

Mi ò lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń roko nítòsí ti gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," Alhaji ní.

"Ẹ kú ìrìn. Alhaji, ẹni bá fọwọ́ kan pèrègún yìí, èmi àti ará òdìkejì yẹn la jọ máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì ò sì tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Ẹ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé bó ṣe wà. Ṣebí ó ń kọjá tẹ́lẹ̀."

Alhaji yíjú sí mi. "O gbọ́."

Ohun tó wá sí mi lẹ́nu kò ju pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá wo ibi tó ti dà, kò jìnnà síbí."

Kò tíì débẹ̀ rí. Ó ká etí agbádá rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé mi gba ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Bàtà rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó sórí ebè, mo sì fà á dìde. Ojú ibi tí irin ti gbẹ́ ilẹ̀ ṣì wà. Mo fi ebè tí mo já lé hàn án. Kùkùté kan yọrí lẹ́bàá rẹ̀, kò jìnnà ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ibi tí orí mi wà. Alhaji wo kùkùté náà, ó wo òkè tí a ti sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ nù kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, Alhaji sọ fún un pé, "Ẹ bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún. A ò ní lè wọlé lọ́dún yìí." Ó wá sọ fún mi pé kí n yí i padà, kí n wá ibi tó lè gbà.

Ibi tó lè gbà ni ilẹ̀ kékeré kan níwájú ọ̀nà náà, tó dà sí odò kan náà. Mo sọ ohun ìtúlẹ̀ sílẹ̀, mo wọ ìlà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí táyà òkè fi gun ebè. Ara katakata tẹ̀. Mo di sítíárìn mú, mò ń ka ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu. Ó tẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sí òdìkejì ebè náà. Mo wà á dé òpin ìlà, mo sì dá a dúró.

"Ṣé ó dúró?" Alhaji bi mí láti abẹ́ igi.

"Ó dúró, sà."

"Kí ló wá dé tí o ń jókòó síbẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kò sì kán mi lójú. Nígbà tí mo tún lè mọ ìka mi lára, mo yí katakata náà, mo mú ìlà tó tẹ̀ lé e.