Kí Wọ́n Tó Tú Kíjìpá Ìyá Àgbà

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi kú, ẹrù wọn kò pọ̀. Kíjìpá kan ṣoṣo ni ojú àwọn ọmọ wọn obìnrin méjèèjì wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà fúnra wọn ló ran òwú rẹ̀, àwọn ló pa á láró, àwọn náà ló hun ún nígbà tí wọ́n ń múra ilé ọkọ. Abala méjì ni wọ́n rán pọ̀, ilà funfun inú aró náà sì bá ara wọn mu débi pé èèyàn kì í rí ojú rírán. Mo fẹ́ràn aṣọ yẹn ju góòlù lọ. Òun ni wọ́n máa ń fi bò mí nígbà ọyẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n ti kọ́ wa ní àwòrán yíyà, orí mi sì ti wú. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Jọ́ọ̀sì, mú bíléèdì jáde. Wọ́n ní ká tú aṣọ náà, kí àwọn mú abala kan, kí ìyá mi mú ìkejì. Ọkọ̀ ojú irin àwọn ń lọ lọ́sàn-án.

Mo fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n yà á ná kí ẹ tó tú u!"

"Yà á kẹ̀? Akọ̀wé ti dé! Ọkọ̀ ò ní dúró dè mí o."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà jà? Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. A na aṣọ náà sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Mo wá pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, mo sì bu ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí a kun fèrèsé. Bí mo ṣe ń kùn ún ni Ìyá Jọ́ọ̀sì ń bi mí bóyá òmíràn ni mò ń hun. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọkọ̀ ojú irin pẹ́ lọ́jọ́ náà bí ìṣe rẹ̀. Bí mo ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ báyìí ni bíléèdì wọ ojú rírán. Mo sunkún bí ẹni pé Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

A gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ ìyá mi. Àlejò tó bá wọlé á yìn ín, èmi náà á máa yan kiri.

Nígbà tó yá, iná jó ilé Ìyá Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀fà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n dúró níwájú àwòrán náà títí.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo fi apá ọ̀tún hàn wọ́n. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n sì gbé imú sún mọ́ ọn.

"Òun náà ni, ọmọ mi. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àmọ́ òórùn ìyá mi ò sí níbẹ̀, ọ̀dà ló ń rùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ìyá mi wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé abala tiwọn jáde pẹ̀lú àlùmọ́gàjí. Wọ́n ní kí n wá di etí kan mú kí àwọn lè gé e dọ́gba fún ẹ̀gbọ́n wọn. Mo dì í mú, mo fà á le dáadáa.