Mọ́tò Tó Dípẹtà Lábẹ́

Agbẹ̀bí kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ra mọ́tò méjì tó jọra lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Àwọn mọ́tò náà ò tíì pẹ́ láyé, wọ́n ń dán bíi dígí. Nígbà tó yá, kílọ́ọ̀ṣì ti agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò ní sáré. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ mọ́tò náà. Nígbà tó jáde, ìpẹtà kún ọwọ́ rẹ̀.

"Màdáámú, omi ti bo mọ́tò yìí rí. Ìpẹtà ti jẹ páìpù bíréèkì yín tán."

Agbẹ̀bí rántí mọ́tò kejì tó jọ ọ́. Àárọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í gbé màmá wọn rìnrìn àjò. Ó pè é títí kó tó gbé fóònù.

"Àbúrò mi, kílọ́ọ̀ṣì ò gbé wa gun òkè yìí mọ́. Mo fẹ́ rọra yí padà sísàlẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yí i! Ìpẹtà lè ti jẹ bíréèkì yín! Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ̀yin àti màmá bọ́ sílẹ̀ kíá!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tán ni bíréèkì ọwọ́ já, tí mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn fúnra rẹ̀, títí ó fi já sí kòtò.

Màmá di ọmọ rẹ̀ mú. "Mo ní mọ́tò yìí ń rùn bí ẹrẹ̀, o ní imú mi ti darúgbó."