Iná Ilé Omi Ìjọ Wa

Ọ̀gbẹ́ni Tímótì Adépọ̀jù fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Òkukù, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì padà sílé ní Inísà, ìjọ Onítẹ̀bọmi wa fi ilé omi lé wọn lọ́wọ́: kànga ẹ̀rọ kan, tánkì méjì, àti páìpù irin tí gílóòbù aláwọ̀ búlúù ń tàn nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń pa kòkòrò àìsàn inú omi bó ṣe ń gba ibẹ̀ lọ sínú tánkì. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n.

Èmi ò tíì rí ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú bíi tiwọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tú páìpù náà, wọ́n á fi aṣọ funfun nu gíláàsì tó bo gílóòbù títí á fi máa dán. Àwọn tó tà á fún wa ní ká máa pààrọ̀ gílóòbù náà lọ́dọọdún. Bàbá Adépọ̀jù fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iná ọba tó ń wá fún wákàtí méjì lóòjọ́, kí ló fẹ́ mú kí gílóòbù gbó?" Ọdún kẹfà pé, gílóòbù kan náà ṣì ń tàn roro, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú sì ń tì mí báyìí.

Ẹ̀rínọlá, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í fún Àánúolúwa, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rin, ní omi tí kò bá sè. Bàbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Gáàsì wọ́n báyìí, omi tí mò ń tọ́jú lo tún ń sè?" Ó gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, kò sì se omi mọ́.

Nínú òjò oṣù kẹsàn-án, táífọ́ọ̀dù wọ àdúgbò. Àánúolúwa lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù ní Ìkìrun, ó sì kú.

Bàbá fúnra wọn ló bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Ayọ̀midọ̀tun, ọmọbìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò, ní kòkòrò kún inú rẹ̀. Ó ní gílóòbù náà ti gbó tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó tún dé ló ń dín agbára rẹ̀ kù, gíláàsì tó ti pẹ́ náà kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Búlúù tí ojú ń rí ló kù. Èyí tó ń pa kòkòrò, tí ojú kì í rí, ti lọ. Bàbá ò jiyàn. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ wa ní kíláàsì ní Òkukù pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú kì í rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní Ọlọ́run ló fúnni, òun náà ló gbà. Bàbá dìde.

"Pásítọ̀, ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Èmi ni."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ẹ̀rínọlá wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, ká ní mo ṣì ń se omi náà ńkọ́?"

Mo bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí wọ́n purọ́, kí wọ́n ṣáà ní àwọn ò mọ̀. Wọ́n di bẹ́ǹṣì iwájú mú.

"Ì bá wà láàyè."

Ẹ̀rínọlá bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi di ẹnu ara rẹ̀, ó sì ké sínú aṣọ náà.