Síìlì Ara Àpò Bírò

Bírò kì í pẹ́ nílé wa. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ó sì máa ń kó bírò lọ síbẹ̀ láti fi kọ ohun tí wọ́n jẹ àti oògùn tí wọ́n lò. Èmi náà máa ń kó tèmi sínú tírélà. Bí a bá wá nílò ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo wa á máa fi ojú olè wo ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi síìlì dí àpò bírò ọmọ wa obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, nígbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá girama.

Síìlì yìí, okùn ike tín-ín-rín ni, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára. Òun la fi ń dí ilẹ̀kùn tírélà ní Dagenham Dock ní London, níbi tí mo ti ń wakọ̀. Bí o bá ti fà á le, kò ṣeé tú mọ́, àfi kí o já a. Bí ẹrù bá dé ibi tó ń lọ, tí síìlì ṣì wà bí a ṣe fi í sí, ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ṣí i.

Èmi fúnra mi ni mo máa ń ra gbogbo ẹ̀ lórí Ripple Road: bírò dúdú mẹ́rin, pẹ́ńsù méjì, rúlà, ìrésà, àti àpò rọ́bà tó hàn gaara, torí pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mú èyí tí ojú ò rí inú ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo máa ń dán bírò kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi. Èyí tó bá ń lọ́ tìkọ̀, màá bú u dáadáa kí n tó sọ ọ́ nù. Ìyàwó mi á ní ṣé bírò náà gé mi jẹ ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ mi wọlé, ó fi síìlì tó já sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Daddy, delivered!" Wọn kì í mú sísọ́ọ̀sì wọ gbọ̀ngàn, ọwọ́ ló fi fà á títí ó fi já, ojú ibi tó ti já sì ti nà, ó ti funfun. Inú mi dùn débi pé mo tọ́jú ẹ̀ sínú agolo bisikíìtì. Láti ìgbà náà, bó bá ti ṣe ìdánwò dé, á fún mi ní síìlì, kódà lẹ́yìn tó wọ yunifásítì tó ń ti ilé lọ, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà.

Lóṣù Kìíní ọdún yìí, ó ní ìdánwò lọ dáadáa, àmọ́ kò fún mi ní nǹkan kan. Mo ní ọmọ ti dàgbà, bàbá ẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣeré.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, mo wọ yàrá ẹ̀ láti wá rúlà. Abẹ́ aṣọ nínú dúrọ́ọ̀ ni mo ti rí àpò bírò oṣù Kìíní. Síìlì wà lára ẹ̀, bí mo ṣe fi í sí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ nǹkan, àmọ́ kò sí nǹkan tó ṣeé fọ́ níbẹ̀, ìwé ló kún ibẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ó fi wọlé.

"Daddy, I can explain."

"Ó dáa, explain. Mo ń gbọ́."

Ó jókòó sílẹ̀. "Mo dé ẹnu ọ̀nà hall yẹn, Daddy, swear down. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé. I just couldn't. Wọ́n ti yọ mí kúrò ní uni since March."

"Ṣé kò sí appeal ni?"

"Mo ti ṣe é. They said no."

"Níbo wá lo ń lọ láràárọ̀?"

"Library. Kò síbi tí mo fẹ́ lọ."

Ó yẹ kí n gbá a mọ́ra. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mummy ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Not yet. Jẹ́ kí n ronú." Mo ronú títí, mi ò rí nǹkan kan. Níbi iṣẹ́ ìyàwó mi, "Màmá Lọ́yà" ni wọ́n ń pè é.

Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò ni àwọn òbí máa ń gbé àpò bírò sókè kí wòlíì gbàdúrà sí i. Nígbà tí ìdánwò oṣù Karùn-ún kù sí dẹ̀dẹ̀, àpò oṣù Kìíní yẹn náà ni mo gbé lọ. Ìyàwó mi ò wo nọ́ńbà, èmi nìkan ló máa ń wo nọ́ńbà nílé wa. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Àmín ẹ̀ ló ròkè jù. Ọmọ mi dúró nínú sùtánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Èmi náà ṣe àmín, àmín yẹn ṣì ń tì mí lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé báàgì ẹ̀ jáde, èmi náà lọ wakọ̀. Nígbà tí ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, mo ti wálé, ìyá ẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́.

"Exam ńkọ́, ọmọ mi?"

"It was fine, Mummy."

Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó na ọwọ́, ó fi síìlì sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyá ẹ̀ jó díẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó ti já. Ó ń dán, kò nà, kò funfun. Sísọ́ọ̀sì ló fi gé e. Mo ṣí agolo bisikíìtì, mo fi í sáàárín àwọn yòókù.